Kọ́bọ́ọ̀dù Aláìnílẹ̀kùn ní Asafo

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ńlá láti Accra wá sí Kumasi, Asafo ló sábà máa ń sọ̀ sí. Ibùdókọ̀ VIP wà níbẹ̀, ti Neoplan kò jìnnà sí i, ọjà Asafo sì wà nítòsí. Kí èèyàn tó na ẹsẹ̀ tán lẹ́yìn ìrìn tó tó 250 kìlómítà, àwọn olómi tútù, àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ mìíràn ti yí i ká. Èmi ò tètè kúrò níbẹ̀. Mo dúró wo bí àwọn ọlọ́jà ṣe pàtẹ. Bàtà so rọ̀ lórí okùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Ti òsì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ṣẹ́ẹ̀tì obroni wawu, èyí tí a ń pè ní òkìríkà nílé, wà lórí hángà láti òkè dé ìsàlẹ̀, funfun lọ́tọ̀, aláràbarà lọ́tọ̀. Abọ́ ike tò léra wọn, èyí tó kéré jù ló wà lókè. Kò sí ohun kan tí wọ́n fi ìdérí bò, torí ohun tí oníbàárà kò bá fojú rí, kò ní í béèrè rẹ̀.

Yàrá kan lẹ́yìn ọjà yìí ni mo wá wò. Ẹni tó ni ín ti sọ fún mi lórí fóònù pé lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn gan-an ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó aṣọ sí yàrá.

Irú ilé tó pọ̀ ní Kumasi ni ilé náà. Yàrá yí àgbàlá ká, gbogbo ìlẹ̀kùn dojú kọ àárín, ẹ̀rọ omi kan àti balùwẹ̀ kan ni gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Graham Tipple, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ilé gbígbé ní ìlú yìí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdílé Kumasi ń gbé. Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Yàrá ìsùn náà ni pálọ̀, òun náà ni ibi ìkóúnjẹpamọ́, òun náà ni ọ́fíìsì. Àwọn ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń to yàrá ìsùn, tí wọ́n ń tẹ̀ lókè òkun, gbà pé pálọ̀ wà níbòmíràn tí àlejò yóò jókòó sí. Ní Asafo, etí bẹ́ẹ̀dì ni àlejò ń jókòó, ojú rẹ̀ sì ń lọ káàkiri.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin tí mo wá kí, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún díẹ̀. Kumasi ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá màmá rẹ̀ ti wá. Ó ní kí n má dárúkọ òun, torí àwọn Yorùbá Kumasi mọ ara wọn tán. Màmá rẹ̀ ń gbé yàrá tó kángun sí tirẹ̀, ó sì ti gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà kí n tó dé, kí n má bàa gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo dá.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ má wo ilẹ̀ o," ni olùkọ́ wí.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni màmá wí. "Ohun tí ẹ bá wá wò náà nìyẹn."

Kí n tó wọlé, ó yẹ kí n sọ ohun tó ń ṣe é. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní onígbàgbé. Bàtà ilé ìwé a sọnù, ìwé a sọnù, owó tí wọ́n fi rán an níṣẹ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò máa wá a kiri. Nígbà tó di olùkọ́, ọmọ kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n sì pe nọ́ọ̀sì kan wá sọ̀rọ̀ fún àwọn olùkọ́. Nọ́ọ̀sì ń ka ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò. Kò pẹ́ tí olùkọ́ yìí fi rí i pé ara òun ni òun ń dáhùn ìbéèrè náà fún. Ó lọ rí dókítà, dókítà sì sọ fún un pé ADHD ni.

Ọdún 1980 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń ṣe ìdámọ̀ àìsàn kọ́kọ́ pè é ní attention deficit disorder. Ọdún 1987 ni wọ́n yí orúkọ padà sí ADHD. Ohun tí wọ́n sọ lórúkọ ti wà tipẹ́. Ní ọdún 1902, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ George Still ti dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London, ó ń ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ yìí. Bí ẹnì kan bá sì ń rò pé àrùn òyìnbó ni, olùwádìí méjì, Adewuya àti Famuyiwa, yẹ 1,112 ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2007: ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní in. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn. Oògùn kì í ká aṣọ.

Ó ṣí ìlẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ gbayawu, mo wọlé.

Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní òró, bíi mẹ́wàá ní ìbú. Ohun tó kọ́kọ́ pàdé ojú mi ni ìṣó mẹ́rin lára férémù ìlẹ̀kùn, ní ibi tí èjìká máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ọ̀kan, báàgì ilé ìwé wà lórí ìkejì, agboòrùn lórí ìkẹta. Ìkẹrin ṣófo. "Ti ohun tí mo bá gbọ́dọ̀ gbé jáde lọ́la nìyẹn," ló wí. Bí wọ́n bá ní kí ó mú gọ́ọ̀mù wá síbi iṣẹ́, alẹ́ ni yóò ti fi ọ̀rá gbé gọ́ọ̀mù kọ́ síbẹ̀, kí ó lè gbá a lójú láàárọ̀. Kò gbára lé ìrántí rárá. Ó ní òun ti bá ìrántí òun ṣe adéhùn láìmọye ìgbà, kò mú ọ̀kan ṣẹ.

Lápá òsì ni kọ́bọ́ọ̀dù wà, igi odum tó nípọn, iṣẹ́ káfíńtà tó mọ iṣẹ́. Kò ní ìlẹ̀kùn. Àwọn ìdè irin tí ìlẹ̀kùn fi ń so mọ́ ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti dípẹtà díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ìlẹ̀kùn méjèèjì kúrò. Ó fi ọ̀kan ṣe pákó ìkẹ́rùsí lókè fèrèsé, èkejì wà lọ́dọ̀ màmá, wọ́n fi ń to ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn yìí ni ìjà ilé náà. Màmá ló san owó káfíńtà. "Mo ní kí wọ́n bá a kan kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò bo àṣírí rẹ̀," ni màmá wí, "ó tú àṣírí síta. Ṣé ọ̀bùn ni mo bí ni? Mo nà án, mo bẹ̀ ẹ́, mo gbààwẹ̀ lé e lórí."

Ọmọ rẹ̀ kò bínú. Ó mú blaúùsì kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n máa kà bí òun ṣe ń sọ ọ́. Láti fi aṣọ yìí sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ìlẹ̀kùn, wàá ká a, wàá rìn dé ibẹ̀, wàá ṣí ìlẹ̀kùn, wàá wá àyè, wàá gbé èyí tó wà lókè kúrò, wàá tẹ́ ẹ sí i, wàá ti ìlẹ̀kùn. Ìgbésẹ̀ méje. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé àwọn ń gbé e. Ọwọ́ ló ń ṣe é, ọkàn wà níbòmíràn. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa ṣí ìlẹ̀kùn, á rí ìwé tó ti ń wá láti ìjẹta nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á jókòó síbẹ̀ máa kà á, blaúùsì á wà nílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn onímọ̀ ní ibi tí ọpọlọ ń gbé ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́ sí fún ìgbà díẹ̀ ni kì í gba ẹrù púpọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní ADHD. Ohun tuntun bá dé, ti tẹ́lẹ̀ á jábọ́. Russell Barkley, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀wé jù lórí ọ̀rọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ṣíṣe é ní àkókò tó yẹ, ní ibi tó yẹ, ni ìṣòro rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ẹgba màmá kò fi mú èso jáde. Ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ. Ó ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́jọ́ gbogbo.

Ìpalára kejì tí ìlẹ̀kùn ń ṣe tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ti pa dé, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sí mọ́. Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun tú àwọn ìlẹ̀kùn yẹn, òun bá síkáàfù dúdú mẹ́ta nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó jọra bí ìbejì, torí ìgbàkígbà tí òun bá nílò ọ̀kan ni òun ń lọ rà á lọ́jà.

Nísinsìnyí, ọ̀pá hángà kan gba inú kọ́bọ́ọ̀dù já, ó kún, síbẹ̀ kò há. Mo ti rò pé n óò rí ṣẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì, yẹ̀rì pẹ̀lú yẹ̀rì, bí ìwé ṣe máa ń ní kí á tò ó. Kò tò ó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ló fi pín in. Apá òsì ni aṣọ Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, aṣọ iṣẹ́ lásán. Lẹ́yìn náà ni ti Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo rẹ̀ ankara, torí láti ọdún 2004 ni ìjọba Ghana ti ń rọ àwọn òṣìṣẹ́ láti máa wọ aṣọ ilẹ̀ wọn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ankara, dúdú àti pupa. Ẹni tó bá mọ Kumasi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsìnkú, kò sì sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọn kì í sin ìyá olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí àbúrò onílé. Àwọn Asante kì í fi ìsìnkú ṣeré. Ẹni tó bá wọ aṣọ tí kò yẹ dé ibẹ̀, wọn kò ní í sọ̀rọ̀, wọ́n kàn máa wò ó ni. Ní ìparí ọ̀pá, funfun, ti ìdúpẹ́ Ọjọ́ Àìkú àti ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo dúró wo ọ̀pá yẹn pẹ́. Kì í ṣe aṣọ nìkan ló wà lórí rẹ̀, kàlẹ́ńdà ló so kọ́ síbẹ̀. Ara ohun tó ń bá ADHD rìn ni pé ọjọ́ máa ń yọ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ á dé, èèyàn á ṣì rò pé Ìṣẹ́gun ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan ankara láàárọ̀, ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ti parí. Èmi ò rí èyí nínú ìwé kankan. Ẹni tó ń gbé Boston kò lè kọ ọ́, torí ìlú Boston kì í yan àwọ̀ fún ọjọ́.

Ìsàlẹ̀ ọ̀pá, apẹ̀rẹ̀ ike mẹ́ta, kò sí ìdérí lórí èyíkéyìí. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ wà nínú ọ̀kan, síkáàfù àti ìbọ̀sẹ̀ nínú èkejì, aṣọ ilé nínú ẹ̀kẹta. Kò ká nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń jù ú síbẹ̀ ni. Màmá gbọ́ tí mo ń béèrè, ó pòṣé láti ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ aṣọ abẹ́? Susan Pinsky, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí bí àwọn tó ní ADHD ṣe lè to ilé, kò dá sí ẹwà púpọ̀. Ohun tó ń lé ni kí ìgbésẹ̀ dín kù, kí ẹrù má sì ju ibi tí a fẹ́ kó o sí lọ. Olùkọ́ yìí ti fi owó ara rẹ̀ kọ́ ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà. Bí apẹ̀rẹ̀ bá kún, kò ní í ra apẹ̀rẹ̀ mìíràn, aṣọ kan ló ń jáde. Àwọn oníke tó wà lọ́jà Asafo ti gba owó tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ èyí. Ike tuntun ń dùn ún rà, ó ń jẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tó jẹ́ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àga onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo wa la ní àga yẹn. Aṣọ tí a wọ̀ fún wákàtí méjì ló ń lọ síbẹ̀, èyí tí kò mọ́ tó láti padà sí hángà, tí kò sì dọ̀tí tó láti fọ̀. Ìlànà títo yàrá tí mo ti kà rí, méjì péré ni wọ́n mọ̀: èyí tó mọ́, èyí tó dọ̀tí. Irọ́ ni, ìdí nìyẹn tí àga fi ń borí wọn. Olùkọ́ yìí fún àárín méjì náà ní ilé tirẹ̀: ìkọ́ márùn-ún lára ògiri lókè àga. Aṣọ tí a ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ń lọ síbẹ̀. Bí ìkọ́ márààrún bá ti kún, ìfọṣọ ti tó. Àga wà fún ìjókòó, èmi ni mo jókòó lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn. Eruku ń bẹ. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa Kumasi máa ń bo ohunkóhun tí kò ní ìlẹ̀kùn, aṣọ funfun Ọjọ́ Àìkú á dà bí èyí tí wọ́n fi epo kùn lára. Òjò náà ń bẹ; agbègbè igbó ni ìlú yìí, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ ní ìgbà méjì lọ́dún, ògiri á rin, aṣọ tó wà ní ìdí kọ́bọ́ọ̀dù á hu funfun. Ní ti èyí, aláìnílẹ̀kùn sàn ju onílẹ̀kùn lọ, torí afẹ́fẹ́ ń gbà á já. Ní ti eruku, ó fi àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti gbó ṣe kátẹ́ẹ̀nì fún ìdajì ọ̀pá tí aṣọ funfun wà. Àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ojú ń rí òdìkejì rẹ̀. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Kátẹ́ẹ̀nì tó tóbi ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Màmá ló mú un wá, ankara aláwọ̀ ewé tó nípọn, ó ní kí wọ́n fi pín yàrá sí méjì kí àlejò má bàa rí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó bójú mu. Àlejò dé, wọ́n fà á. Àṣírí bò, ọkàn màmá balẹ̀. Ìṣòro ni pé lẹ́yìn tí àlejò bá lọ, kò sí ẹni tó máa rántí fà á padà. Kátẹ́ẹ̀nì ti di ìlẹ̀kùn. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́ẹ̀kan, aṣọ kan náà ni olùkọ́ ń fọ̀ lálẹ́ tó ń wọ̀ láàárọ̀, torí ohun gbogbo tó kù wà lẹ́yìn ankara, ojú rẹ̀ kò sì rí wọn. Ojú tì í láti sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ní báyìí wọ́n fi okùn di kátẹ́ẹ̀nì mọ́ ògiri ní kókó tó le. Ẹni tó bá fẹ́ kí àlejò má rí kọ́bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jà pẹ̀lú kókó náà. Màmá ti ń jà á.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ilé ìṣúra fún ẹni tó ń gbé yàrá kan. Ibẹ̀ ni báàgì Ghana-Must-Go, ìkòkò ńlá àti bàtà ọdún máa ń gbé. Tirẹ̀ ṣófo, àfi ohun kan. Ó ti rí i pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ibòji àwọn ẹrù òun, torí náà kò sí ohun tirẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ohun kan tó kù ni àpótí páànù dúdú kan tó ní àgádágodo. Ti màmá ni.

"Ẹ jẹ́ kí àpótí mi wà níbẹ̀," ni màmá wí kíákíá, bí ẹni pé mo ti na ọwọ́ sí i.

Mo béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ìtàn sì dé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni màmá ní Kumasi ní 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ ní ìlú náà nígbà yẹn, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ìníṣà. Wọ́n wà ní gbogbo ọjà, àwọn oníṣòwò wọn sì wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi lélẹ̀ ní Ghana. Àwọn tó kúrò lé ní 100,000. Àwọn mìíràn ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Bàbá màmá wá ìwé tì, ó kó ìdílé rẹ̀ wọ ọkọ̀, àpótí páànù yìí ló gbé lé ẹsẹ̀ títí wọ́n fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ni màmá wà nígbà tí ìjọba Shagari ní Nàìjíríà náà wá lé àwọn ará Ghana ní oṣù kìíní ọdún 1983. Ó rí wọn ní ẹ̀bá títì pẹ̀lú báàgì alápótí-àpótí pupa àti búlúù, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ ọkọ, ọkọ rẹ̀ sì ní Kumasi ni òun ti máa ta páàtì mọ́tò. Bó ṣe padà nìyẹn, pẹ̀lú àpótí.

"Ìwé ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa," ni màmá wí. "Kì í ṣe owó. Ìwé. Látìgbà náà, ìwé mi kì í sùn síta."

Ìwé ìgbélùú wà nínú àpótí, ìwé ìbí àwọn ọmọ, fọ́tò ìgbéyàwó, aṣọ òkè kan tí wọ́n dì sínú lailọ́ọ̀nù pẹ̀lú kánfọ̀. Ó lè fi òkùnkùn mú èyíkéyìí nínú wọn. Mo wá lóye ohun tí kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn jẹ́ fún un. Ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó gbogbo ayé rẹ̀ á fẹ́ kí ayé náà wà ní dídì. Ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀, ohun tó bá wà ní dídì ti sọnù. Méjèèjì ń bẹ̀rù àdánù kan náà, síbẹ̀ wọn kò lè gbọ́ ara wọn yé lórí ìlẹ̀kùn méjì.

Iná lọ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Dumsor ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ kò wá tọ́ọ̀ṣì. Ó na ọwọ́ sí ògiri lókè orí bẹ́ẹ̀dì, tọ́ọ̀ṣì so kọ́ síbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, òmíràn wà níbẹ̀. Sísọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ní pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ọ̀kan fún ibi kọ̀ọ̀kan tó ti máa ń lò ó. Màmá ka ìyẹn sí ìnákúnàá. Owó sísọ́ọ̀sì mẹ́ta kò tó ti sísọ́ọ̀sì mẹ́wàá tó ti sọnù, mo gbè sẹ́yìn ọmọ lórí èyí, mi ò fi bò.

Báwo ni yàrá náà ṣe ń wà bẹ́ẹ̀? Torí títò kò le tó mímú un dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, obìnrin Asante kan tó ń gbé yàrá òdìkejì àgbàlá máa ń gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀ wá, á jókòó sórí àga yẹn, á máa ṣa ẹ̀wà. Kì í bá a kó nǹkan kan. Wọ́n ti jọ fẹnu kò lé e pé kò gbọ́dọ̀ bá a kó nǹkan. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, rédíò ń sọ̀rọ̀ ní Twi, olùkọ́ ń dá aṣọ tó wà lórí ìkọ́ padà tàbí ó ń kó o lọ sí ìfọ̀. Bí ẹ̀wà bá ti tán, iṣẹ́ tán. Bó bá ku òun nìkan, ó ní òun á mú aṣọ kan, òun á sì bá ara òun níwájú fóònù ní ààjìn. Lókè òkun, àwọn tó ní irú ọpọlọ yìí ń wá ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n báyìí, àwọn kan tilẹ̀ ń sanwó fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àlejò tí wọn kò mọ̀ rí máa wò wọ́n láti inú kọ̀ǹpútà. Nínú agbo ilé Kumasi, àwo ẹ̀wà ló ń ná wọn. Ariwo agbo ilé yìí kan náà ló ń tú ọkàn rẹ̀ ká láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mi ò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gba ọ̀kan kí ó má gba èkejì.

Ohun tó kẹ́yìn nínú yàrá ni okùn kan tó gba orí tábìlì kọjá lára ògiri, láti fèrèsé dé igun. Ìgbáṣọmú onígi ni wọ́n fi há ìwé mọ́ ọn lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwé owó iná, lẹ́tà láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, káàdì ilé ìwòsàn. Ó ti gbìyànjú fáìlì, ó ti gbìyànjú àpò ìwé aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ìwé tó bá wọ fáìlì kì í jáde mọ́. Òpin okùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni rìsíìtì owó ilé wà, wọ́n fi lailọ́ọ̀nù bò ó kí òjò má ta sí i.

Rìsíìtì náà ní ìtàn. Òfin ilé gbígbé Ghana ti ọdún 1963 kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú, ṣùgbọ́n ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé Kumasi ń gbà, ọdún méjì náà ni olùkọ́ san. Ó kó rìsíìtì pamọ́ sí ibi tó dára. Ibi tó dára yẹn ni kò rí mọ́. Nígbà tí onílé ní owó kò pé, kò ní ìwé tó máa fi hàn, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó gba ẹ̀bẹ̀ màmá, ó sì gba owó díẹ̀ sí i. Inú bàtà Kérésì ni wọ́n ti wá rí rìsíìtì, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Màmá ní kí ó kó ti tuntun sínú àpótí páànù, kí òun tì í pa. Ó kọ̀. Ó há a mọ́ okùn, lójú ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì máa kà á.

"Onílé fúnra rẹ̀ wá lóṣù tó kọjá," ni màmá wí, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. "Ó rí ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ sí, tó so rọ̀ níbẹ̀ bí ẹja gbígbẹ. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun gbé e kúrò lójútáyé."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní ó di ọdún méjì."